Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ Ayé àti Ọ̀ràn Àlejò

Ọ̀rẹ́ mi tí ń ka ìwé yìí, ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní jọ́gíráfì, ní apá méjì. Apá kìíní ni ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀: òkè àti àfonífojì, odò àti òkun, òjò àti ọyẹ́, àti irú òkúta tí ó wà ní abẹ́ ilẹ̀. Apá kejì ni ti ènìyàn tí ń gbé orí ilẹ̀: ibi tí ó tẹ̀dó sí, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ohun tí ó ń jẹ, ọ̀nà tí ó ń tọ̀, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi ń dìde ní ọjọ́ kan, tí ó di ẹrù rẹ̀, tí ó sì kọrí sí ibòmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé apá kejì yìí ni ó rọrùn jù, nítorí pé ta ni kò mọ ènìyàn? Èmi gbà pé òun gan-an ni ó ṣòro jù lọ, kì í ṣe nítorí ìdánwò, bí kò ṣe nítorí ohun tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọ́ ọ.

Òkúta kò mọ̀ pé a ń sọ̀rọ̀ òun. Bí olùkọ́ bá dúró níwájú kíláàsì tí ó ṣàlàyé bí Òkè Olúmọ ti ṣe di òkè, inú Olúmọ kì í dùn, kì í sì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá sọ pé àwọn ará ìlú báyìí báyìí ń ṣí kúrò ní ilé wọn nítorí òṣì, ó lè jẹ́ pé ọmọ ìlú náà wà lórí bẹ́ńṣì kẹta, tí ó ń gbọ́, tí ó dorí kodò, tí ó sì ń dúró kí a ṣí ewé ìwé sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ẹni tí ó mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń gbé bí wọ́n ti ń gbé, tí ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn, ǹjẹ́ ìmọ̀ yìí fi gbèsè kankan sí i lọ́rùn?

Nígbà kan rí, àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni ń pinnu ìwà ènìyàn. Ní ọdún 1911, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ellen Churchill Semple, tẹ ìwé ńlá kan jáde tí ó fi kọ́ni pé ilẹ̀ ni ó mọ ènìyàn bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Ní 1915, ará Amẹ́ríkà mìíràn, Ellsworth Huntington, kọ tirẹ̀. Ó ní ojú ọjọ́ ilẹ̀ tútù ni ń mú kí ènìyàn jáfáfá, àti pé ooru ilẹ̀ bí irú tiwa a máa sọ ara di ọ̀lẹ. Ó tilẹ̀ ya máàpù tí ó fi díwọ̀n ọ̀làjú gbogbo ayé, o sì lè mọ ibi tí ó fi wá sí láìjẹ́ pé mo sọ fún ọ. Àwọn baba wa ti pa á lówe pé bí ọmọ kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. N kò sì mọ̀ pé òwe náà lè bá ọ̀jọ̀gbọ́n wí títí mo fi gbọ́ nípa ìwé yìí. Ì bá wù mí kí ọ̀gbẹ́ni náà ti rí àwọn obìnrin tí ń ru iyanrìn gun àkàbà ilé alájà ní ọ̀sán gangan oṣù kẹta.

Paul Vidal de la Blache, ará Faransé tí ó kú ní 1918, kò gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ a máa ṣí ọ̀nà púpọ̀ sílẹ̀, ènìyàn ni ó sì ń yan èyí tí yóò tọ̀. Wo Ìbàdàn. Òkè wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè sá sí, igbó àti ọ̀dàn sì pàdé nítòsí rẹ̀, èyí tí ó dára fún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n òkè náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ogun ni ó kó àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ jọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, tí ibùdó ogun fi di ìlú ńlá. Akin Mábògùnjẹ́, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Kano ní 1931, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì kú ní 2022, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1968 pé àwọn ìlú ńlá wa ti wà kí òyìnbó tó dé, àti pé ọjà àti ìjọba àwọn ọba ni wọ́n dúró lé, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bí ti ilẹ̀ òkèèrè. Ènìyàn kì í ṣe ìkòkò. Èyí tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó mú mi ronú jù lọ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣíkiri ni.

Bí a ti ń kọ́ ọ nìyí. Olùkọ́ yóò ya máàpù sára pátákó, yóò sì fi ọfà sí i. Ọfà tẹ́ẹ́rẹ́ dúró fún ènìyàn díẹ̀, ọfà gbọọrọ dúró fún ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó kọ ohun méjì sílẹ̀: ohun tí ń lé ènìyàn kúrò ní ilé, àti ohun tí ń fà á lọ sí àjò. Ohun tí ń lé ni a máa jẹ́ ilẹ̀ tí ó ti ṣá, ọ̀gbẹlẹ̀, ogun, owó-orí, àìríṣẹ́ṣe. Ohun tí ń fà ni a máa jẹ́ owó, ọjà, ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ará ilé ẹni tí ó ti lọ ṣáájú. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yóò gba máàkì rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n fi orúkọ ìlú sí i, kí o sì wò ó bí yóò ti rí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Inìṣà ti ń lọ sí Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà ní 1957. Bí o bá wo máàpù, ìwọ yóò rí i pé púpọ̀ nínú ìlú wọ̀nyí wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí kòkó kì í ti í ṣe bí ó ti ń ṣe ní ìhà igbó. Owó-orí sì wà láti san, ìyàwó wà láti fẹ́, ilé páànù wà láti kọ́. Gold Coast ní kòkó, ó ní wúrà, ó ní dáyámọ́ǹdì. Òwò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa lọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n ru aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́, òwú àti agolo mílíìkì dé abúlé tí ilé-ìtajà àwọn òyìnbó kò dé. Ẹ̀gbọ́n mú àbúrò lọ, àbúrò padà wá fẹ́ ìyàwó nílé, ìyàwó tẹ̀ lé e, òun náà gbé igbá ọjà tirẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ wá sílé. Títí di ọdún 1960, agbára káká ni a fi lè rí ọjà ńlá kan ní Gánà tí a kò ní bá Yorùbá nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, ọjà kòkó wó. Iye tí ayé ń ra kòkó, tí ó ti ga gan-an ní 1954, já wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan ní 1965. Gbèsè wọ ìjọba lọ́rùn, ọjà wọ́n, iṣẹ́ kò sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì! Rò ó wò, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tí ó ti gbé Kumasi fún ọgbọ̀n ọdún, tí ó ti kọ́ ilé, tí ó ní ọmọ ní ilé-ìwé, tí ó ta ọjà ní àwìn fún ogójì oníbàárà, ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ní láti fi tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ta ni yóò san gbèsè fún ẹni tí ó mọ̀ pé yóò lọ lọ́tùn-únla? Ta ni yóò ra ilé ní iye tí ó tó nígbà tí gbogbo àdúgbò ń ta tiwọn ní ọjọ́ kan náà? A kì í rí nǹkan wọ̀nyí lára ọfà. Ọfà kò ní gbèsè, kò ní ìlẹ̀kùn tí ó gbọ́dọ̀ tì kí ó tó wọ ọkọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wa ni ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n gba Tógò àti Dahomey kọjá wá sílé, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí apá wọn ká.

Ìwọ yóò wí pé ìkà gbáà ni èyí. Má tíì wí i. Ní 1973 sí 1974, iye owó epo rọ̀bì lágbàáyé fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin, owó sì ya wọ Nàìjíríà. Ọfà yí ojú padà. Àwọn ará Gánà, tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wọn ti bàjẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá sí Èkó àti Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn: bíríkìlà, awakọ̀, télọ̀, dókítà, àti pàápàá jù lọ àwọn olùkọ́. Bi àwọn àgbà ilé rẹ tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìgbà náà léèrè; ó ṣòro kí o má rí ẹni tí ará Gánà kọ́ ní ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì. Ní 1979, àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí epo já wálẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni a fún wọn. Ṣírò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni.

Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni a fojú bù pé ọ̀rọ̀ náà kàn, èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ sì jẹ́ ará Gánà. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò láti ọdún 1982, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a lé há sí ojú ọ̀nà ní Benin, wọn kò lè lọ síwájú, wọn kò sì lè padà sẹ́yìn, títí a fi ṣí ẹnubodè náà ní òpin oṣù kìíní. Àpò ọ̀rá onílà gbọọrọ gbọọrọ, èyí tí kò wọ́n, ni púpọ̀ nínú wọn fi di ẹrù, a sì fún àpò náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní: Ghana Must Go. Ìwọ náà lè ní ọ̀kan nílé. Ní 1985 a tún lé àwọn mìíràn.

Gbé ọ̀rọ̀ ìjọba méjèèjì lé orí òṣùwọ̀n. Àlejò ń gba iṣẹ́ mọ́ ọmọ onílé lọ́wọ́. Àlejò ń jalè. Àlejò ti gba ọjà. Bí a bá fi ọwọ́ bo orúkọ ilẹ̀ àti ọdún mọ́lẹ̀, o kò ní mọ èwo ni ti 1969, èwo ni ti 1983. Ohun tí ó dùn wá dé egungun nígbà tí a ṣe é sí wa, ọdún mẹ́rìnlá péré ni ó gbà kí ìjọba tiwa tó ṣe é sí ẹlòmíràn, àwọn kan nínú wa sì pàtẹ́wọ́.

N kò sọ pé onílé kò ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ọjà ni. Àwọn àgbà wa mọ èyí: àlejò tí ó bá fẹ́ dá oko ní ìlú onílùú a máa lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ kí ó tó kọ́ ahéré, wọn a sì máa sọ pé àlejò tí ó bá fi ojú jọ òkété ni à ń fi èkùrọ́ lọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú kíláàsì wa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ pé, bí oúnjẹ kò bá kárí, ṣé ọmọ ilé ni kí ebi máa pa? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn tí ń wàásù ìfẹ́ lásán kì í dáhùn rẹ̀, wọn a kàn máa fi ojú burúkú wo ẹni tí ó bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ náà ní ìdáhùn díẹ̀ nínú. Ta ni ó jẹ oúnjẹ náà tán? Ní ọjà London àti ti New York ni a ti ń ná kòkó. Kì í ṣe ìyá olówò láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó rẹ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bíríkìlà láti Kumasi ni ó mú kí epo rọ̀bì já wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, oko kòkó ní Gánà ṣe aláìní òṣìṣẹ́, ilé-ìwé níbí ṣe aláìní olùkọ́, iye epo kò sì sún sókè. Ìjọba Busia ṣubú ní oṣù kìíní 1972, ti Shagari ṣubú ní ọjọ́ ìkẹyìn 1983. N kò sọ pé lílé àlejò ni ó bì wọ́n ṣubú. Mo ń sọ pé kò gbà wọ́n là.

Onílé lè ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ọ̀ràn ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tí o jẹ́ kí ó wọlé, tí ó bá ọ ṣiṣẹ́, tí ó kọ́ ọmọ rẹ ní ìwé, tí o sì jẹ nínú òógùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, o kò lè bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn ní àárọ̀ yìí.

Mo padà sí ìbéèrè wa. Ìmọ̀ kì í sọ ènìyàn di ẹni rere fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ lé àlejò nílò máàpù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ gbà á sílé ti nílò rẹ̀. Ìwé ìkànìyàn tí ó lè sọ ibi tí ó yẹ kí a gbẹ́ kànga sí lè sọ ilé tí a ó lọ kàn ní òru pẹ̀lú. Nítorí náà, n kò bá àwọn tí ń sọ pé bí a bá ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ tán, ìkà yóò tán nílé ayé. Ohun tí ìmọ̀ ń ṣe kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń gba àwáwí lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lè fi òtítọ́ inú sọ pé àwọn àlejò ni ó kó òṣì wá. Ìwọ tí o ti fi ọwọ́ ara rẹ ya ìlà tí ó fi hàn bí kòkó ti ga ní 1954 tí ó sì já ní 1965, bí o bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni o ń pa, o sì mọ̀ pé irọ́ ni. Lójú tèmi, gbèsè náà nìyẹn.

Má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń sọ. Ní Èkó, ẹ̀wà àgànyìn wà ní àdúgbò gbogbo. A ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, ọbẹ̀ dúdú rẹ̀ a máa ta sánsán. Àgànyìn ni orúkọ tí a fi ń pe àwọn tí ó wá láti ìhà Benin, Tógò àti Gánà. Mélòó nínú wa ni ó ti bèèrè ìlú tí obìnrin tí ń bù ú fún wa ti wá, tàbí ohun tí ó lé e, tàbí ẹni tí ó fi ọmọ sílẹ̀ fún? Lọ sí Ẹjígbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí o sì wo bí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ti ń sọ èdè Faransé, nítorí pé Abidjan ni àwọn ènìyàn wọn ń lọ láti ayé àwọn baba wọn. Ní Abidjan, àwa ni àgànyìn.

Ohun kan wà síbẹ̀ tí a kò tíì parí ní kíláàsì wa. Olùkọ́ ní kí a ya ọfà ọdún 1969 láti Gánà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, kí a sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: àwọn tí ó padà sílé. Gbogbo wa ń yà á lọ nígbà tí ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó bèèrè nípa ọmọ tí a bí sí Tamale, tí a bí baba rẹ̀ náà síbẹ̀, tí ó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, tí kò sì fi ojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ṣé òun náà padà sílé ni? Baba àgbà rẹ̀ ń ti àjò bọ̀ wá ilé. Òun ń ti ilé lọ sí àjò. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì jókòó sí. Kíláàsì pín sí méjì. Àwọn kan ní ilé baba ẹni ni ilé ẹni, kò sí ohun tí ó lè yí i padà. Àwọn yòókù ní ibi tí a ri ìwọ́ ọmọ mọ́ ni ilé rẹ̀. Olùkọ́ kò dá ẹjọ́ náà. Ó mú ìnulẹ̀ pátákó, ó nu orí ọfà náà kúrò, ó fi ìlà nìkan sílẹ̀ láàárín Tamale àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí olúkúlùkù fi orí ọfà sí ibi tí ó bá dá a lójú nínú ìwé tirẹ̀. Nínú ìwé tèmi, ìlà náà ṣì wà bẹ́ẹ̀ láìní orí.